Omi Ni Wọ́n Fi Kọ́kọ́ Mọ Fáíbà

Ní àdúgbò kan ní Súrùlérè, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbẹ́ kòtò tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n fẹ́ ri páìpù aláwọ̀ ọsàn mọ́lẹ̀. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ wáyà tẹlifóònù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì dúró, wọ́n ń wo iṣẹ́. Mo kí wọn, mo sì béèrè bóyá wáyà iná ni wọ́n fẹ́ rì.

“Rárá o, fáíbà ni,” ni bàbá wí. “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé àná ni wọ́n ṣe é. Omi ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi lọ tú ìwé, òótọ́ sì ni bàbá sọ. Ní ọdún 1841, ní ìlú Geneva, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Daniel Colladon ń kọ́ àwọn èèyàn nípa bí omi ṣe ń tú jáde lójú ihò. Yàrá náà ṣókùnkùn, àwọn tó jókòó kò rí omi ọ̀hún dáadáa. Colladon bá fi páìpù fa ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, ó fi awò kó o jọ sójú kan, ó tàn án láti ẹ̀yìn agbada omi sí ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí ohun tó ń lọ tààrà kò lọ tààrà mọ́. Bí omi ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń bá a tẹ̀, kò já síta àfi ibi tí omi ti fọ́n ká. Ohun tó fà á ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu ẹ̀gbẹ́ omi láti inú ní ìdàgẹ̀rẹ̀, inú náà ni yóò ta padà sí. Láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ báyìí ni yóò máa lọ títí dé òpin.

Colladon tẹ ìwádìí yìí jáde ní Paris ní 1842. Jacques Babinet, ọmọ Faransé, ní òun náà ti ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1854, John Tyndall, ọmọ Ireland, ṣe é lójú àwùjọ ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù. Michael Faraday ló gbà á nímọ̀ràn. Kò sí ẹni tó dárúkọ Colladon níbẹ̀. Ìwé Tyndall tàn ká, àwọn tó ń kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ ń da ọ̀rọ̀ kọ lára ara wọn, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ń pe Tyndall ní olùpilẹ̀ṣẹ̀. Colladon ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà tó tún jókòó kọ̀wé ní 1884 láti sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Oníròyìn Amẹ́ríkà kan, Jeff Hecht, ló tú ọ̀rọ̀ náà síta fún gbogbo ayé ní 1999. Ó dùn mí fún ọkùnrin náà. Lójú tèmi, òun ló ni ín.

Okùn gíláàsì ni fáíbà, ó ń darí ìmọ́lẹ̀ bí omi Colladon ṣe darí rẹ̀. Ti gíláàsì náà ní awuyewuye tirẹ̀. Ní 1954, Narinder Singh Kapany, ọmọ India tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ọ̀gá rẹ̀ Harold Hopkins fi ìdìpọ̀ okùn gíláàsì gbé àwòrán kọjá. Ìwé ìròyìn Nature tó gbé iṣẹ́ wọn jáde ló gbé ti Abraham van Heel, ará Netherlands, tó fi awọ mìíràn bo okùn náà kí ìmọ́lẹ̀ má baà jò. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń kú lọ́nà. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Charles Kao, ló sọ ní 1966 pé ìdọ̀tí inú gíláàsì ló ń pa á, pé bí ìdá 1 nínú 100 bá lè kù lẹ́yìn kìlómítà 1, iṣẹ́ ti yá. Ilé iṣẹ́ Corning ṣe irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ ní 1970. Wọ́n fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009, àwọn ọmọ India kan sì ń bínú pé wọn kò mú Kapany mọ́ ọn.

Tiwa ní Nàìjíríà kò gùn ní sísọ: 1886 ni wáyà tẹligíráàmù gba abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, fáíbà abẹ́ òkun SAT-3 dé ní nǹkan bí 2002, ilé iṣẹ́ MainOne tí Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olúji, dá sílẹ̀ sì fa fáíbà tó tó 7,000 kìlómítà láti Portugal wá ní 2010. Nígbà tí fáíbà mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní March 14, 2024, àwọn oníbàárà báǹkì wa mọ̀ ọ́n lára.

Mo ti jókòó ti ọmọkùnrin kan tó ń so okùn fáíbà méjì pọ̀. Ó bó awọ ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi spírìtì nù ún, ó gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, ó jẹ́ kí méjèèjì kojú ara wọn nínú ẹ̀rọ kékeré. Iná tàn fìrí, gíláàsì yọ́, ó lẹ̀. Eruku bíńtín lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Irú sùúrù yẹn ti ń wọ́n nínú ilé tí à ń kọ́ báyìí. Láti 1991 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ kí wáyà kan náà lè gba tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà: láti yàrá ẹ̀rọ dé ẹnu ògiri, wáyà náà kò gbọ́dọ̀ ju 90 mítà lọ. Ṣùgbọ́n kọngílá tiwa a máa rẹ́ ògiri tán kó tó rántí wáyà. Àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ tẹlifóònù ní kì í rí bẹ́ẹ̀ láyé tiwọn, pé wọ́n ń so àmì mọ́ orí wáyà kọ̀ọ̀kan. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ pe oníwáyà kí ẹ tó rẹ́ ògiri, kí ẹ sì fi páìpù òfìfo sílẹ̀ láti ojú títì wọlé. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ilé iṣẹ́ mẹ́rin gbẹ́ ojú títì kan náà nígbà mẹ́rin.