Ṣé O Mọ̀? Nọ́ńbà Ọkọ̀ Rẹ Ni Rìsíìtì Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé èèyàn lè wakọ̀ láti Prague lọ sí Budapest, kó gba orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró, kó sì ti jẹ gbèsè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó débẹ̀? Ìrìn náà kò ju kìlómítà 500 ó lé díẹ̀ lọ. Ọ̀nà márosẹ̀ Tsẹ́kì ló máa kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ti Slofákíà, kó tó wọ ti Húngárì. Kò sí géètì, kò sí ọ̀pá tí wọ́n fi dínà, kò sí ẹni tó nawọ́ gba owó. Kámẹ́rà ni wọ́n gbé sórí irin tó dábùú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń kọjá ló ń ka nọ́ńbà rẹ̀, tó sì ń wò ó bóyá ó wà lára àwọn tó ti sanwó. Orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ọ̀kan kò sì wúlò fún èkejì.

Owó yìí ni wọ́n ń pè ní vignette. Àwọn baba wa mọ owó ibodè dáadáa: oníbodè á jókòó sẹ́nu ibodè ìlú, á wo ẹrù tó wà lórí alárù, á sì sọ iye tí oníṣòwò máa san. Vignette kò wo ẹrù, kò sì bìkítà fún iye kìlómítà tó o rìn. Àsìkò lò ń rà: ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́wàá, oṣù kan, ọdún kan. Ẹni tó lo ọ̀nà náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ẹni tó wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, iye kan náà ni wọ́n máa san.

Ṣé o mọ̀ pé oṣù 14 ló wà nínú ọdún vignette ní Swítsàlandì? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú ló ti ń ṣiṣẹ́, títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti 1985 ni wọ́n ti ń gbà á. Fránkì 40 ni iye rẹ̀ láti 1995, kò sì tíì yí padà. Kì í ṣe pé ìjọba kò gbìyànjú o. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di fránkì 100, àmọ́ nílẹ̀ Swítsàlandì, irú ọ̀rọ̀ báyìí lè di ohun tí aráàlú máa dìbò lé lórí. Ní ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá, ọdún 2013, wọ́n dìbò, nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò sì ní àwọn ò gbà. Bọ́rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Wọn kì í ta ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí ti ọjọ́ kan níbẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá láti Jámánì lọ sí Ítálì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti ọdún náà ló máa rà. Ó lè dùn ún, ṣùgbọ́n kó rántí pé ihò abẹ́ òkè Gotthard, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 17, wà nínú fránkì 40 yẹn. Ti Grand St Bernard kò sí nínú rẹ̀, owó tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Sítíkà ni vignette ibẹ̀ látilẹ̀, àwọn tó ti ń wakọ̀ níbẹ̀ tipẹ́ sì mọ iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀. Bí àsìkò bá ti tó, wọ́n á mú abẹ, wọ́n á fi ha ti ọdún tó kọjá kúrò lára gíláàsì iwájú ọkọ̀, wọ́n á nu gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù, kí wọ́n tó lẹ tuntun. Inú gíláàsì ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ dì í mú. Ẹni tó bá fi sẹ́lótéèpù gbé e kọ́, torí kó lè gbé e sára ọkọ̀ mìíràn lọ́la, kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò rà á: owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ fránkì 200, yóò sì tún ra vignette. Bó o bá fẹ́ ṣí i, ńṣe ló máa ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, torí bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà, kóówá sì lè yan èyí tó wù ú. Sítíkà ń bá ọkọ̀ lọ. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ń bá nọ́ńbà lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ibẹ̀ gbà kí ẹni tó ní ọkọ̀ méjì máa fi nọ́ńbà kan ṣoṣo wa méjèèjì, kó máa ṣí i lára ọ̀kan lọ sára èkejì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi vignette orí íntánẹ́ẹ̀tì kan gbọ́ bùkátà ọkọ̀ méjì, láìrú òfin rárá.

Èyí tó sábà máa ń dá àlejò dúró ni ti Austríà. Ṣé o mọ̀ pé bó o bá ra ti ọdún kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ó di ọjọ́ kejìdínlógún kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Òfin Yúróòpù fún ẹni tó bá ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, kó sì gba owó rẹ̀. ASFINAG, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀nà márosẹ̀ Austríà, kò fẹ́ kí ẹnì kan rà á, kó fi rìn tẹ́rùn, kó wá dá a padà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe jẹ́ kí àsìkò ìyíọkànpadà kọjá ná. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ ti sún mọ́lé ní ọ̀nà àbáyọ: kó rà á ní ojúkojú nílé epo tó wà nítòsí bọ́dà, níbi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tàbí kó ra ti ọjọ́ kan, tí òun náà kì í dúró. Kó sì mú owó mìíràn dání bó bá máa gba òkè Brenner lọ sí Ítálì, torí vignette kò kan ọ̀nà yẹn.

Ní ìlú Kufstein ní Austríà, tí kò jìnnà sí bọ́dà Jámánì, àwọn awakọ̀ tó ń sá fún owó máa ń bọ́ kúrò lórí márosẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á ya gba àárín ìlú. Ọkọ̀ kún ojú títì débi pé àwọn onílé ké gbàjarè. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, wọ́n yọ owó kúrò lórí apá kékeré tó wà láàárín bọ́dà àti Kufstein, kí ọkọ̀ lè padà sórí márosẹ̀, kí aráàlú sì rímú mí.

Ní báyìí tí nọ́ńbà ọkọ̀ ti di rìsíìtì, ibi tí wàhálà wà ni ìka tó ń tẹ fóònù. Lẹ́tà O àti òdo jọra púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà I àti ení. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ tún wà níbẹ̀ tó o máa yàn: bí ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ ti Brítéènì, tó o sì ṣèèṣì fi sílẹ̀ sórí èyí tí ìkànnì náà gbé wá fúnra rẹ̀, ọkọ̀ mìíràn lo sanwó fún. Mú ìwé ọkọ̀ sọ́wọ́, kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn bá ọ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kó o sì wò ó bóyá ìkànnì ìjọba gan-an lo wà, torí àwọn alágbàtà pọ̀ tí wọ́n ń bu owó tiwọn lé e, àwọn gan-an ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jáde bó o bá wá a lórí Google.

Slofẹ́níà tún ní tirẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2022 ni sítíkà ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà fún ọkọ̀ tí kò ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ lọ, 2A àti 2B, gíga ọkọ̀ lókè táyà iwájú ló sì ń pinnu èyí tó o máa rà. Bí ibẹ̀ bá ti ga tó mítà 1.30, ó ti di 2B nìyẹn, owó rẹ̀ sì wọ́n jù. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀sì akẹ́rù, tó ra 2A torí pé ó rò pé ọkọ̀ kékeré ni, kò tíì sanwó lójú òfin. Owó ìtanràn ẹni tí kò ní vignette níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Yúrò 300 títí dé 800. Ibi tí irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí ti ń wáyé nìyẹn:

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ra ti Slofẹ́níà?”

“Èwo ni ti Slofẹ́níà? Ẹnikẹ́ni ò dá mi dúró níbẹ̀.”

“Wọn kì í dá èèyàn dúró, ẹ̀gbọ́n. Ilé ni wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí.”

Ṣé o mọ̀ pé Húngárì ti pa sítíkà tì láti 2008, ṣáájú ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀? Ti Románíà sì le jù: kì í ṣe márosẹ̀ nìkan ló kàn, gbogbo títì ìjọba àpapọ̀ ni, títí kan èyí tó gba àárín oko lọ.

Jámánì kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí márosẹ̀, kì í sì í ṣe pé wọn ò fẹ́. Wọ́n ti ṣòfin rẹ̀ ní 2015: gbogbo ọkọ̀ máa san, àmọ́ wọ́n máa dín owó orí ọkọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ kù ní iye tó bá a mu. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, àlejò nìkan ló máa san. Austríà pè wọ́n lẹ́jọ́, Nẹ́dálándì dúró tì í, ilé-ẹjọ́ gíga Yúróòpù sì dájọ́ ní ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 2019 pé ẹ̀tànú ni. Mo gbà pẹ̀lú ilé-ẹjọ́ náà tọkàntọkàn. Ojú títì tí gbogbo èèyàn ń lò kò yẹ kó jẹ́ ẹrù àlejò nìkan. Ìjọba Jámánì ti buwọ́ lùwé pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà kí ìdájọ́ tó jáde, nígbà tó sì di 2023, mílíọ̀nù Yúrò 243 ni wọ́n san fún wọn gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú, fún iṣẹ́ tí kò bẹ̀rẹ̀.

Yàtọ̀ sí vignette, ẹni tó ń lo láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ní ohun kan láti tọ́jú kó tó kúrò nílé: ìwé ìwakọ̀ àgbáyé, tó ń túmọ̀ láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ọlọ́pàá ìlú mìíràn. Èyí tó wà lábẹ́ àdéhùn Geneva ti 1949 ń lo ọdún kan. Ti Vienna 1968 lè lò tó ọdún mẹ́ta. Láìsí láísẹ́ǹsì gan-an lọ́wọ́, ìwé yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ti di ará Brítéènì ní oṣù 12 péré láti fi ti Nàìjíríà wakọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ìdánwò ti Brítéènì ló kàn.

Ṣé o mọ̀ pé WAN ni àmì tí ọkọ̀ Nàìjíríà ń gbé lẹ́yìn bó bá sọdá bọ́dà? West Africa Nigeria ló túmọ̀ sí. Ti Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ DY, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Dahomey, àmì náà kò sì lọ nígbà tí orúkọ ìlú yí padà ní 1975. Ti Brítéènì ti kúrò ní GB, ó ti di UK láti ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, sítíkà GB àtijọ́ kò sì tó mọ́. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ohun tó yẹ kí ẹni tó ń wakọ̀ lọ sí Kútọnu tàbí Lómè ní lọ́wọ́ ni Brown Card, ìnṣọ́ránsì ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1982, tó ń jẹ́ kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ lù nílùú onílùú rí owó gbà.

Ní ti apá títì tí ọkọ̀ ń gbà, títí di ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni Nàìjíríà ń gbà. Bẹ̀nẹ̀ ń gba apá ọ̀tún ní tirẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ń ti Èkó lọ sí Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ gbọ́dọ̀ yí apá padà ní bọ́dà, bí ará Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń yí i padà lónìí bó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Calais. Ohun tí ará Lọ́ńdọ̀nù sì máa ń gbàgbé ni iná iwájú ọkọ̀. Ti Brítéènì ń tàn sí apá òsì, nítorí náà, lórí títì Faransé, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa bọ́ sí. Ọ̀rá pélébé kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn láti darí ìmọ́lẹ̀ náà. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan sì ní bọ́tìnnì tó ń ṣe é. Kó tún mú C-caution àti ẹ̀wù tó ń tàn yòò dání, torí Faransé kò gba kí ọkọ̀ wà láìsí wọn.

Àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ti mọ irú ọ̀nà tí kò ní géètì yìí láti ibi tí wọ́n ti ń sanwó sọdá odò ní Dartford, níbi tí wọ́n ti yọ géètì kúrò ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. Àmọ́ Dartford ń fún ọ láyè títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kejì láti sanwó. Slofẹ́níà kò fún ọ láyè kankan: ó ti gbọ́dọ̀ wà lórí nọ́ńbà rẹ kí táyà rẹ tó kan márosẹ̀. Rà á nílé, kó o sì tọ́jú rìsíìtì náà sórí fóònù fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tó o bá padà dé, torí lẹ́tà ìtanràn láti òkè òkun kì í tètè dé.