Iná Tó Wà Lábẹ́ Eérú: Bí Wọ́n Ṣe Rí Àwọn Ìràwọ̀ Tí Eruku Bò Mọ́lẹ̀

Lóṣù Kejìlá ọdún 1995, Robert Williams, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà níléeṣẹ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ awò awọ̀nàjíjìn Hubble nílùú Baltimore, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pàṣẹ ohun kan tí àwọn kan lára ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà sí ìfàkókòṣòfò. Ó ní kí wọ́n dojú awò náà kọ ibi tó ṣófo lójú ọ̀run. Ibẹ̀ kéré débi pé téèyàn bá mú hóró iyanrìn kan dání, tó sì na apá rẹ̀ tán, hóró yẹn á bò ó. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni Hubble fi tẹjú mọ́ ọn, ó sì ya fọ́tò 342. Nígbà tí wọ́n to gbogbo fọ́tò náà léra wọn, ibi tí wọ́n pè ní òfìfo ti kún fọ́fọ́. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bíi 3,000 ló wà níbẹ̀.

Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan kì í ṣe nǹkan kékeré o. Inú ọ̀kan ni oòrùn wa yìí wà, ọ̀kan péré ló sì jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù ìràwọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó jìnnà jù nínú fọ́tò Hubble wá ti rìn ju bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n ṣe rí nígbà yẹn la ṣe ń rí wọn, bí ìgbà téèyàn ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ láyé bàbá ńlá rẹ̀. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ sánmà ronú pé ó ṣeé ṣe láti mọ iye ìràwọ̀ tí ayé ń bí ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti ìgbà tó pẹ́, kó wo ọ̀nà tó jìn.

Lọ́dún 1996, Piero Madau, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Baltimore níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi fọ́tò yẹn ṣe ìṣirò náà. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ èyí tí Simon Lilly àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe lórí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa díẹ̀. Ohun tó jáde dà bí òkè. Láyé tiwa yìí, ìràwọ̀ tí wọ́n ń bí kò pọ̀. Béèyàn ṣe ń padà sẹ́yìn ni iye náà ń gòkè, títí tó fi dé ṣóńṣó ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ayé ìmọ̀ sánmà gba àwòrán yìí tọwọ́tẹsẹ̀, orúkọ Madau ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.

Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí nìkan ni wọ́n kà. Madau àti àwọn tirẹ̀ kò fi èyí pa mọ́, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé iye tí àwọn kọ sílẹ̀ kò lè dín, àfi kó lé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni bó ṣe máa lé tó.

Eruku ló fa ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 1930 ni Robert Trumpler, tó ń ṣiṣẹ́ níbùdó ìwòràwọ̀ Lick ní California, ti fi hàn pé àlàfo tó wà láàárín ìràwọ̀ kan sí òmíràn kò mọ́. Eruku wà níbẹ̀, ó sì ń mú kí àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe irú eruku ojú títì yìí o. Ó kéré gan-an, ó sún mọ́ èéfín ju iyanrìn lọ, èròjà òkúta àti ti èédú ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ tó ń kú ló ń tú u síta. Ibi tí wọ́n sì ti ń bí ìràwọ̀ tuntun gan-an ni eruku yìí ti máa ń pọ̀ jù, nítorí inú ìkùukùu gáàsì àti eruku tó ṣú dùdù ni ìràwọ̀ ti ń jáde. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí àwọn ìràwọ̀ ńlá ń tàn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé ni eruku náà máa ń gbé mì jù lọ. Tó bá gbé e mì tán, á móoru, á wá dá a padà gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán ooru tí ojú ọmọ èèyàn kò lè rí.

Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ lọ sídìí ààrò lóru, lẹ́yìn tí wọ́n ti sebẹ̀ alẹ́ tán. Eérú ti bo ẹyin iná, ojú kò rí pípọ́n kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ na ọwọ́ sí i, ooru á sọ fún yín pé iná náà ṣì wà láàyè. Hubble jẹ́ ojú, ojú tó mú ṣáṣá sì ni. Ohun tí wọ́n nílò ni ọwọ́.

Ọwọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n nà jáde ni IRAS, sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà, Netherlands àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣe. Oṣù Kìíní ọdún 1983 ló lọ sójú òfuurufú, oṣù mẹ́wàá ló sì fi ṣiṣẹ́ kí ohun tó ń mú un tutù tó tán. Ó rí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bíi Arp 220, tí ó jẹ́ pé ooru ló pọ̀ jù nínú gbogbo agbára tó ń tú jáde, tí ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí kò sì ju díẹ̀ lọ. Àmọ́ ìtòsí ni gbogbo ìwọ̀nyí wà, wọn kò sì pọ̀. Ohun tó dẹ́rù ba àwọn onímọ̀ wá láti inú iṣẹ́ sátẹ́láìtì mìíràn, COBE, tó gbéra lọ́dún 1989. Jean-Loup Puget àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde nínú ohun tí COBE kó jọ, lọ́dún 1996. Nígbà tó di 1998, àwọn ará Amẹ́ríkà fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ooru fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan ń bọ̀ láti gbogbo igun ọ̀run. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gbogbo ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ojú lè rí dọ́gba. Ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo ìràwọ̀ ti tàn látìgbà ìwáṣẹ̀ ni eruku ti gbé mì.

Ta ló ń tú ooru náà jáde? COBE kò lè sọ. Ó dà bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ládùúgbò tí kò mọ ilé tí wọ́n ti ń sè é.

Ilé ìwòràwọ̀ ọba tó wà nílùú Edinburgh ní Scotland ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tó dá ilé náà mọ̀. SCUBA ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbé e lọ sórí òkè Mauna Kea ní Hawaii, òkè tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ kà sí ibi mímọ́. Ibẹ̀ ga ju 4,000 mítà lọ. Kì í ṣe tìtorí ẹwà ni wọ́n ṣe gun òkè. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló máa ń dínà mọ́ irú ìtànṣán tí wọ́n ń wá, èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ kò pé mìlímítà kan, ìsàlẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rinrin náà sì ń gbé. Lórí òkè yẹn ni awò James Clerk Maxwell wà, tí fífẹ̀ àwo rẹ̀ jẹ́ mítà 15. Aṣọ ńlá kan ni wọ́n ta bo iwájú rẹ̀ nítorí atẹ́gùn àti eruku, gbẹ̀yìn aṣọ náà ló sì ń wo ọ̀run, nítorí ohun tí ojú kò lè là kọjá, ìtànṣán yẹn ń là á kọjá.

Iṣẹ́ SCUBA kò ju kó mọ ìgbà tí ooru bá pọ̀ sí i lọ. Nígbà tó bá ń gba ìgbì gígùn, tó jẹ́ ìdá 850 nínú mílíọ̀nù ìdá mítà kan, ojú kéékèèké 37 ló ń lò. Bí ìtànṣán bá bà lé ojú kan, á móoru díẹ̀ bíńtín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbóná kò lè mọ ooru bíńtín. Òtútù kan wà tí kò sí ohun tó lè tutù kọjá rẹ̀, nǹkan bíi −273 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n kan péré ni wọ́n jẹ́ kí SCUBA fi gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ooru sánmà fúnra rẹ̀ pọ̀ fíìfíì ju ti ohun tí wọ́n ń wá lọ. Nítorí náà, wọ́n ń mi dígí awò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó wo ibi tí wọ́n fẹ́, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè yọ ti sánmà kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni tiwọn.

Apá ibi tó wú mi lórí jù nínú ìtàn náà nìyí. Ohun gbogbo tó bá ń jìnnà ló máa ń ṣókùnkùn sí i. Fún SCUBA, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀ ló ń na ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà, apá ibi tí ooru eruku ti le jù á wá máa sún bọ̀ wá síbi tí SCUBA ti ń tẹ́tí. Èyí dí àdánù jíjìnnà. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó wà níwọ̀n bílíọ̀nù méjìlá ọdún sẹ́yìn lè mọ́lẹ̀ lójú SCUBA bíi ti èyí tó wà ní bílíọ̀nù mẹ́jọ.

Ian Smail, Rob Ivison àti Andrew Blain ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, lọ́dún 1997. Wọ́n dojú SCUBA kọ àgbájọ àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bíi Abell 370, tí ìwúwo rẹ̀ ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di ńlá bí awò ojú. Lẹ́yìn náà ni David Hughes àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kí ẹnì kan ṣe, wọ́n padà sí hóró iyanrìn Hubble. Àádọ́ta wákàtí ni wọ́n fi wò ó. Níbi tí Hubble ti rí 3,000, àmì márùn-ún péré ló hàn kedere. Àmọ́ ní gígùn ìgbì tí SCUBA ń gbà, àwọn márùn-ún yẹn ló ń pèsè ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ooru tó ń bọ̀ láti apá ọ̀run yẹn, èyí tí COBE ti rí láìmọ orísun rẹ̀. Lóṣù Keje ọdún 1998, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature pé mẹ́rin nínú wọn dà bí èyí tó wà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá sí méjìlá ọdún sẹ́yìn, àti pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ tí ayé ń bí ní sáà yẹn tó ìlọ́po márùn-ún iye tí fọ́tò Hubble fi hàn. Apá ibi tí òkè Madau ti ń sọ̀ kalẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú àwọn márùn-ún náà ni wọ́n pè ní HDF850.1. Wọ́n wá a nínú fọ́tò Hubble títí, wọn kò rí i. Ojú SCUBA kò mú, àmì rẹ̀ kan lè bo ọ̀pọ̀ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Hubble mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni. Láàárín ìgbà yẹn, Scott Chapman, Blain, Smail àti Ivison ti rí ọ̀nà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn. Wọ́n fi awò rédíò tó wà ní New Mexico mọ ojúkò wọn, wọ́n sì fi awò Keck, tó wà lórí òkè Mauna Kea kan náà, mọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó. HDF850.1 ò ṣeé mú bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá.

Lọ́dún 2012 ni Fabian Walter, ti iléeṣẹ́ Max Planck ní Heidelberg, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò tó wà lórí àwọn òkè Faransé rí àmì gáàsì inú rẹ̀, tí wọ́n sì mọ bó ṣe jìnnà tó nígbẹ̀yìn. Ó jìnnà ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ayé ò tíì ju bílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbéra. Bílíọ̀nù méjìlá àtààbọ̀ ọdún ni ìmọ́lẹ̀ náà ti wà lọ́nà, ó sì ti rìn fún nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ ọdún kí oòrùn wa tó wà rárá. Lọ́dọọdún, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ yìí ń bí ìràwọ̀ tí ìwúwo wọn tó 850 oòrùn. Tiwa kì í bí ju bíi oòrùn kan tàbí méjì lọ lọ́dún. Bẹ́ẹ̀, eruku ibẹ̀ ti pọ̀ tó báyìí, ìràwọ̀ tó ń kú ló sì ń tú eruku síta. Ìyẹn ni pé ìran ìràwọ̀ kan ti gbé ayé, ó ti kú, kí ìran tí à ń rí yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Madau fúnra rẹ̀ pẹ̀lú Mark Dickinson tún àwòrán náà yà lọ́dún 2014, wọ́n ka ooru mọ́ ọn. Ṣóńṣó òkè náà ti sún sí nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn, ìràwọ̀ tí ayé sì ń bí nígbà náà tó ìlọ́po mẹ́sàn-án tòní. Iṣẹ́ náà kò parí síbẹ̀. Lọ́dún 2019, Tao Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ALMA, awò 66 tí wọ́n tò sí aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, rí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńláńlá 39 tí Hubble kò rí ọ̀kan kan nínú wọn.

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2021 ni awò James Webb gbéra. Nígbà tó wo hóró iyanrìn Williams, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ HDF850.1 hàn sí wa fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí SCUBA ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó pín sí méjì nínú fọ́tò náà, apá kan lókè, apá kan nísàlẹ̀. Àárín rẹ̀, eruku ṣì bò ó.