Wọ́n ti yọ owó lọ́wọ́ oníbàárà, kò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà: ibo ló há sí?

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ lóde òní kò ju "Mo ti fi ránṣẹ́" àti "Kò tíì wọlé" lọ. Oníbàárà á na fóònù síta, á ní kí ìyá onírẹsì wò ó, báǹkì ti yọ owó òun. Ìyá náà á wo fóònù tirẹ̀ títí, kò ní í rí nǹkan kan. Nígbà tí owó náírà wọ́n gógó níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ó le débi pé àwọn ọlọ́jà kan kọ tiransifáà pátápátá.

Ká sòótọ́, owó kọ́ ló ń rìn, iṣẹ́ tí wọ́n rán ni. Kọ̀ǹpútà báǹkì á kó nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ àti iye owó jọ, á dì wọ́n bí ẹni di ẹrù, á fi wọ́n ránṣẹ́ sí NIBSS, ilé-iṣẹ́ tí Báǹkì Àpapọ̀ àtàwọn báǹkì yòókù jọ ni, tó dá ètò NIP sílẹ̀ lọ́dún 2011. Báǹkì ọlọ́jà á tú ẹrù náà, á kọ owó sínú àkáǹtì, á sì dá èsì padà.

Èsì yìí gan-an ni wàhálà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, báǹkì tó rán iṣẹ́ kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni kò dé, àbí ó dé, èsì ló sọnù. Bó bá sáré dá owó padà, tó sì ti wọlé lọ́hùn-ún, gbèsè dé. Ló ṣe máa kọ "pending", á máa bá iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ, á wá padà béèrè.

Nítorí náà, kí ọlọ́jà má ṣe ní kí oníbàárà tún un fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tuntun ni báǹkì á kà á sí, méjèèjì sì lè wọlé. Session ID ni kó gbà, nọ́ńbà gbọọrọ tí òǹkà inú rẹ̀ jẹ́ 30, tó sábà máa ń wà lára rìsíìtì. Báǹkì tó rán an, ọjọ́ àti àkókò wà nínú rẹ̀, òun ni báǹkì ọlọ́jà á fi tọpa owó.

Álẹ́ẹ̀tì náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Owó lè ti wọlé kí álẹ́ẹ̀tì má tíì dé, àwọn gbájúẹ̀ sì ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Iye tó wà nínú àkáǹtì ni kéèyàn yẹ̀ wò kó tó gbé ọjà sílẹ̀.

Ti POS yàtọ̀ díẹ̀: báǹkì tó ni káàdì ni oníbàárà á lọ fẹjọ́ sùn. Lóṣù kẹfà ọdún 2020, CBN pàṣẹ pé wákàtí 72 ni kí wọ́n fi yanjú rẹ̀.