Ẹranko Yìí Ńkọ́, Ṣé Ó Lè Gbé Ibẹ̀?

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ jẹ́ kí n ti ibi iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀. Tí ara aláìsàn bá gbóná dé 38, ibà la máa kọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 37.9 ńkọ́? Ṣé ara ẹ̀ ti yá nìyẹn?

Ní 1965, Lotfi Zadeh ní yunifásítì Berkeley kọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló di fuzzy logic. Dípò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fún nǹkan ní máàkì láti 0 dé 1.

Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko náà ń lò ó. Ẹ wo lynx, ológbò igbó ilẹ̀ Sípéènì àti Potogí, tó kù díẹ̀ kó pa run nígbà kan rí. Ehoro ló máa ń jẹ jù. Ká sọ pé igbó kan gba 0.8 fún ibi tí lynx lè sá pamọ́ sí, ṣùgbọ́n 0.3 péré fún ehoro. Èyí tó kéré la máa mú: 0.3. Ilé wà, oúnjẹ ò sí! Ẹni tó bá kó lynx lọ síbẹ̀ fẹ́ fi ebi pa á ni.

Tí ẹ bá ṣe é fún ẹranko kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ro máàkì wọn pọ̀, ẹ ó rí bí oríṣiríṣi ẹranko ṣe lè pọ̀ tó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n máàpù tó fi ìlà sí 0.5 máa gba igbó tó ní 0.51, á sì ju ti 0.49 nù. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń la títì gbà, ó sì ń dùn mí.