Ìtọ́jú Lọ́rì Tí Ó Ti Pẹ́: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Onílọ́rì àti Ẹlẹ́rù Mọ̀

Ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú gba Ìmọ́tà àti Ìtoìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, kò sí ọjọ́ kan tí a kì í rí àwọn àgbà lọ́rì tí ń ru yanrìn, pákó, gbágùúdá àti ẹrù ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ju awakọ̀ tí ń wà wọ́n lọ ní ọjọ́ orí. Oúnjẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀mí àwọn ènìyàn sì wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Nítorí náà, ó yẹ kí olúkúlùkù, ìbáà ṣe onílọ́rì, awakọ̀ tàbí ìyá ọlọ́jà tí ó ní ẹrù, mọ ohun tí ó sábà máa ń bàjẹ́ lára wọn àti bí a ṣe ń tún un ṣe.

Ní ayé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó ẹrù láti ọjà Ẹ̀jìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ gba ojú ọ̀sà lọ sí Èkó. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò là, lọ́rì gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, Bedford tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́pọ̀ púpọ̀. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó ń fi pákó kan ara rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní bọ̀lẹ̀kájà. Lẹ́yìn náà ni Mercedes 911 ti ilẹ̀ Jámánì gbòde. Nọ́ńbà orúkọ rẹ̀ ní ìtumọ̀: 9 dúró fún ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀, èyíinì ni nǹkan bí tọ́ọ̀nù 9, 11 sì dúró fún agbára ẹ́ńjìnnì, tí ó tó ti ẹṣin 110. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Mẹ́káníìkì tí ó ní sípánà tí ó sì mọ iṣẹ́ lè tú u lábẹ́ igi, kí ó sì tún un tò. Ìdí nìyí tí ó fi pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rọrùn láti tún ṣe kì í ṣe ohun tí a lè pa tì.

ÌJÁNU

Ìjánu, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní bíréèkì, ni àìsàn rẹ̀ léwu jù. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ìjánu, epo kan tí ó wà nínú páìpù ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi táyà kọ̀ọ̀kan. Epo yìí kò ṣeé fún pọ̀, nítorí náà agbára náà ń dé ibi tí a rán an. Afẹ́fẹ́ ni ó ṣeé fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú páìpù, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kàn rì wọlẹ̀ ni, ọkọ̀ kò sì ní dúró.

Epo ìjánu a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá ní ẹ̀bá ọ̀sà tí ọ̀rinrin pọ̀. Irú èyí tí a ń pè ní DOT 3, bí ó bá jẹ́ tuntun, kì í hó bí ooru rẹ̀ kò bá tó 205 ní ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè hó ní 140. Omi lásán ń hó ní 100. Nígbà tí lọ́rì tí ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, tí awakọ̀ kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìjánu, ooru yóò mú epo náà hó, yóò sì di ategùn. Ní ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń wí pé bíréèkì já.

Àwọn kan a máa bu omi ọṣẹ sínú ìjánu nígbà tí epo rẹ̀ bá tán lọ́nà. Omi yóò tètè hó. Àwọn mìíràn a máa bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Ọ́ìlì yóò mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, kí ó sì bàjẹ́. Ìwọ̀nba owó ni wọ́n fi pamọ́. Ẹ̀mí ni wọ́n fi dúró fún un.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Kí a máa pààrọ̀ epo ìjánu ní ọdún méjì méjì. Kí a pààrọ̀ rọ́bà tí ó bá ń jò. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan máa tẹ ìjánu, kí ẹlòmíràn sì máa tú nọ́ọ̀tì kékeré tí ó wà lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan, títí epo tí ń jáde kò fi ní ìfófòó mọ́. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ òkè, kí awakọ̀ ti wọ jíà kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá a di ọkọ̀ mú. Ẹni tí ó bá yọ jíà kúrò nítorí àtifi dísù pamọ́ ti sọ gbogbo ẹrù náà di ti ìjánu nìkan.

ẸẸ́ŃJÌNNÌ TÍ Ó Ń GBÓNÁ

Ohun tí ó sábà ń fa èyí ni rédíétọ̀ tí ìdọ̀tí ti dí, bẹ́líìtì fáànù tí ó dẹ̀, tàbí páìpù rọ́bà tí ó ti là. Omi mímọ́ ni kí a máa bù sí rédíétọ̀. Omi ọ̀sà tí iyọ̀ òkun ti dàpọ̀ mọ́ yóò jẹ irin inú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná, nítorí omi náà yóò tú jáde bo ojú àti ọwọ́.

Bí a bá yọ ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, tí a rí i pé ọ́ìlì ti funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ẹ́ńjìnnì ti jó. Kí a dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò rọra wà á délé yóò ra odindi ẹ́ńjìnnì dípò gásíkẹ́ẹ̀tì kan.

OHUN TÍ ÈÉFÍN Ń SỌ

Èéfín dúdú ń sọ pé dísù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Kí a kọ́kọ́ wo asẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí eruku ọ̀nà lè ti dí i. Lẹ́yìn náà kí a yẹ nọ́sù wò. Èéfín tí ó ní àwọ̀ aró ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Ríìngì lè ti jẹ tán. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná ń sọ pé omi ń wọlé, tàbí pé dísù kò jó tán.

Bí dísù bá tán pátápátá lọ́nà, afẹ́fẹ́ yóò wọ páìpù, ọkọ̀ kò sì ní tètè dáhùn bí a tilẹ̀ bu dísù mìíràn sí i. Kí a má ṣe fi sítátà pa bátìrì. Kí a tú nọ́ọ̀tì orí asẹ́ dísù díẹ̀, kí a máa fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù kékeré títí ìfófòó yóò fi tán, kí a sì dè é padà.

ẸRÙ, SÍPÍRÍŃGÌ ÀTI TÁYÀ

Yanrìn gbígbẹ tí ó kún inú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà láti inú ọ̀sà, tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, súnmọ́ tọ́ọ̀nù méjì. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó dàbí ẹni pé kò kún lè ti ru ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ẹrù bá pọ̀jù, ewé sípíríńgì yóò kán, ọkọ̀ yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìjánu kò sì ní lè mú un.

Ní ti táyà, kí a wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè tutù lójú kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Kí ẹni tí ń ra táyà tókunbọ̀ má ṣe fi ojú nìkan rà á.

ÀYẸ̀WÒ ÒWÚRỌ̀

Kí ọkọ̀ tó kúrò nílé, kí awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ ṣe nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

1. Kí wọ́n wo omi rédíétọ̀ àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣáná sí ọkọ̀.
2. Kí wọ́n tẹ ìjánu. Bí ó bá rọ̀ bí kànìnkànìn, kí ọkọ̀ má ṣe jáde.
3. Kí wọ́n tú omi kúrò nínú táǹkì afẹ́fẹ́, bí ọkọ̀ náà bá ní in.
4. Kí wọ́n fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì táyà, kí wọ́n sì wo sípíríńgì.
5. Kí wọ́n rí i pé wẹ́jì wà nínú ọkọ̀, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn sì ń tàn.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ṣe gbogbo èyí. Ẹlẹ́rù pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá ó ti ṣe é, kí ó tó di ẹrù rẹ̀ sí ọkọ̀. Àwọn àgbà ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mú ẹkún sun. Ìjánu tí a tún ṣe nílé kì yóò di ẹkún lójú ọ̀nà.