Èsì Àyẹ̀wò Ìyàwó Kì í Ṣe Ti Ọkọ



Gbogbo wa la mọ òfin ẹgbẹ́: ẹni tí yóò yáwó gbọ́dọ̀ mú oníduùró wá. Ó ya ni lẹ́nu pé ọkùnrin tí ń ṣe oníduùró fún ọ̀rẹ́ kò lè bá ìyàwó rẹ̀ tó lóyún dé ọsibítù. A ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Rárá o, pàápàá lórí HIV, kòkòrò tí ń fa àrùn éèdì.

Nígbà tí aboyún bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí èsì bá dára, ọkọ á ní, "Ara tèmi náà dá nìyẹn." Àṣìṣe gbáà ni. Tọkọtaya lè jọ wà fún ọdún púpọ̀, kí ọ̀kan ní kòkòrò yìí, kí èkejì má ní in. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó kò lè jẹ́rìí fún ẹ̀jẹ̀ ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó báyìí. Ìyá ọlọ́jà kan lóyún oṣù mẹ́ta, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ kò yẹ ara rẹ̀ wò, kò sì mọ̀ pé òun ní in. Bí ó bá kó o ran ìyàwó nígbà tí oyún di oṣù méje, tàbí nígbà tí ọmọ ń mu ọmú, ta ni yóò fura? Ìwé ọsibítù ṣì ń wí pé ara dá. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí kòkòrò náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara ni ó máa ń pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì tètè ń ran ọmọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n tún aboyún yẹ̀ wò kí ó tó bímọ.

Lóòótọ́, a kò tíì rí oògùn tí ń lé e jáde pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn ojoojúmọ́ ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí kò bá sí ìtọ́jú, nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn ní in, 15 sí 45 lè kó o. Bí ìtọ́jú bá péye, kì í tó 5. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ẹnì kejì rẹ̀ lórí ibùsùn. Oògùn ìdáàbòbò wà fún ẹni tí kò ní in, kọ́ńdọ̀ọ̀mù náà sì wà.

Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń fi oògùn pamọ́ sínú àpò gààrí nítorí ẹ̀rù ọkọ, ọjọ́ tí ọkọ bá jókòó sílé, báwo ni yóò ṣe lò ó? Ọkọ ló yẹ kó máa rán an létí, kó sì wá owó mọ́tò.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bá a lára rẹ̀ kọ́ ló kó o wá dandan. Obìnrin ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ nítorí òun ló ń lọ ìwòsàn aboyún. Ẹ má torí èyí lé ìyàwó jáde. Bákan náà, ká bá ìyàwó lọ kì í ṣe ká lọ jẹ gàba lé e lórí. Kí òun náà fẹ́ ẹ, kí nọ́ọ̀sì sì ráyè bá olúkúlùkù sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́, ẹ béèrè ọjọ́ ìwòsàn lọ́wọ́ ìyàwó yín, kí ẹ jọ lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Èmi ni,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.