Ẹ̀rọ Wi-Fi Àlòkù àti Síìmù Ilé-iṣẹ́ Mìíràn

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìbéèrè tí àwọn akọ̀wé ń bi mí jù lásìkò yìí, láti Àkúrẹ́ títí dé Òndó, ni èyí: bí ẹgbẹ́ bá ra ẹ̀rọ Wi-Fi àlòkù tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan, ǹjẹ́ síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀? Ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sanwó kí ẹ tó dán an wò. Mo mọ ẹgbẹ́ kan ní agbègbè Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tí ó fi owó ọmọ ẹgbẹ́ ra ọ̀kan lọ́nà yìí. Ìwé ni wọ́n ń fi í tẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

Ohun méjì ni ó máa ń fa ìdíwọ́. Èkíní ni títì. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ta ẹ̀rọ ní owó pọ́ọ́kú sábà máa ń tì í mọ́ síìmù tirẹ̀, kí owó dátà tí a ó máa rà lè dí àlàfo náà. Bí ẹ bá ki síìmù mìíràn bọ̀ ọ́, yóò béèrè nọ́mbà ìṣíde. Nọ́mbà IMEI, tí ó jẹ́ oókan 15 lábẹ́ bátìrì tàbí lẹ́yìn ẹ̀rọ, ni a fi ń béèrè fún un. Ẹ ṣọ́ra o: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Huawei kì í gbà kí a tẹ̀ ẹ́ ṣì ju ìgbà 10 lọ. Lẹ́yìn èyí, ó tì pa nìyẹn.

Èkejì ni ìgbì rédíò, èyí tí nọ́mbà ìṣíde kò lè tún ṣe. Nígbà tí Glo gbé 4G dé ní 2016, orí 700 MHz ni ó gbé e lé. Airtel bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ìbàdàn ní 2018 lórí 1800 MHz. 2300 MHz ni Spectranet ń lò. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún 2300 nìkan yóò di adití sí àwọn méjì yòókù. Ìdí nìyí tí tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, bí ó ti wù kí ó dán tó, fi lè kọ̀ jálẹ̀ níhìn-ín.

Nítorí náà, ẹ mú síìmù tí ẹ fẹ́ lò lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ olùtà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ dán ẹ̀rọ náà wò ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ gan-an, nítorí ohun tí ó yá ní Àkúrẹ́ lè máa falẹ̀ lọ́nà Ọ̀wọ̀. Bí àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá hàn ṣùgbọ́n tí ojú ìwé kankan kò ṣí, ẹ wo APN: internet.ng.airtel.com ni ti Airtel, web.gprs.mtnnigeria.net sì ni ti MTN.

Starlink, tí ó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023, kò ní síìmù rárá. Àkáǹtì ni a fi ń so ó mọ́ ẹni. Kí olùtà yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì tirẹ̀ lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ akápò.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ tẹ bọ́tìnnì reset mọ́lẹ̀ títí iná yóò fi kú tí yóò tún tàn, kí ẹ sì yí páásìwọ́ọ̀dù padà, nítorí ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ ni yóò máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má lo síìmù tí olùtà fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. NIN ẹlòmíràn ni ó wà lórí rẹ̀. Rìsíìtì tí kò ní IMEI, èmi kì í gbà á nígbà àyẹ̀wò. Kí akọ̀wé kọ orúkọ ẹ̀rọ, IMEI, iye owó, àti orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí NIN rẹ̀ wà lórí síìmù sínú ìwé ohun ìní ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí a rà á.